Bí Párísì Ṣe Lè Dé Ẹnu Ọ̀nà Gbogbo Ilé Nígbà Tí Àjàkálẹ̀ Àrùn Bá Ti Ilẹ̀kùn Ìjọ

Ibi tí ọ̀pọ̀ párísì, ìyẹn ìjọ Kátólíìkì àdúgbò, ti máa ń kùnà nígbà tí àrùn bá gbòde ni ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ pín oúnjẹ. Owó á ti jọ, àpò ìrẹsì á ti wọlé, ọkàn gbogbo ènìyàn á sì mọ́ sí iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n inú ọgbà ìjọ ni wọn yóò pe àwọn aláìní sí, wọn yóò sì fi ọwọ́ ara wọn kó èrò tí wọ́n torí rẹ̀ ti ilẹ̀kùn ìjọ jọ. A ṣe irú àṣìṣe yìí ní párísì kan ní Abẹ́òkúta lọ́dún 2020, lẹ́yìn tí kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn ní ọjọ́ 3 oṣù kẹrin, mo sì wà lára àwọn tó ṣètò rẹ̀. Ogójì ènìyàn ni a retí. Kí agogo mẹ́sàn-án àárọ̀ tó lù, èrò ti kún ẹnu géètì dé ojú títì, àwọn ìyá ń gbé ọmọ wọn sókè kí wọ́n má baà tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀, ìbòmú ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ti bọ́ sí àgbọ̀n. Oúnjẹ tán lọ́jọ́ náà. Nígbà tí a jókòó nírọ̀lẹ́ tí a ń ka orúkọ àwọn tó gbà á, a rí i pé màmá àgbà kan tó ń gbé ní ìsàlẹ̀ Òkè Olúmọ, ẹni tí a torí ọ̀rọ̀ rẹ̀ gan-an dá owó jọ, kò rí hóró kan gbà, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lè gbé e dé ọ̀dọ̀ wa.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti gbà pé orúkọ gbọ́dọ̀ ṣáájú ìrẹsì. Párísì tó bá mọ àwọn ènìyàn rẹ̀ lórúkọ, tó mọ ilé wọn, tó sì mọ ohun tó ń ṣe wọ́n, kò ní pe ẹnikẹ́ni jáde. Òun ni yóò lọ bá wọn. Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ìgbìmọ̀ párísì, fún àwọn ẹgbẹ́ bíi Fínsẹ́ńtì Mímọ́ ti Pọ́ọ̀lù, Légíọ̀nù Màríà, ẹgbẹ́ àwọn ìyá àti ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́, àti fún ẹnikẹ́ni tí Fádà bá gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́. Àrùn Kòrónà ni mo fi ń ṣe àpẹẹrẹ, ṣùgbọ́n ìlànà náà wúlò fún àrùn mìíràn tó ń ti ara ẹnì kan dé ara ẹlòmíràn. Bí ó bá jẹ́ pé onígbáméjì ló dé, omi mímu àti ọwọ́ fífọ̀ ni kí ẹ mójú tó jù, kí ẹ sì má ṣe pín oúnjẹ sísè rárá.

Ohun tí ẹ nílò

Ẹ rí i pé àwọn nǹkan wọ̀nyí ti wà nílẹ̀ kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀ kankan:

- Ìwé ńlá kan tí a fi rúlà pín, pẹ̀lú bírò. Kọ̀ǹpútà dára, ṣùgbọ́n ìwé kò mọ̀ bóyá iná wà tàbí kò sí.
- Ènìyàn mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí wọn yóò máa jáde, tí ọjọ́ orí wọn kò tíì tó 60, tí wọn kò sì ní àtọ̀gbẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ikọ́ fée.
- Lẹ́tà láti ọwọ́ Fádà tó ní òǹtẹ̀ párísì, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda ìjọba ìbílẹ̀. Akọ́mọjẹ ni ẹ̀yin tó wà ní Àríwá Abẹ́òkúta yóò ti lọ béèrè tiyín, Aké sì ni ti ẹ̀yin tó wà ní Gúúsù.
- Ìbòmú méjì méjì fún ẹni kọ̀ọ̀kan, ọṣẹ, kẹ́ẹ̀gì omi, àti sanitáísà tí ọtí inú rẹ̀ kò dín ní 60%.
- Owó káàdì fóònù àti owó ọ̀kadà.
- Ọ̀rá tó nípọn, ike kéékèèké fún epo, àti òṣùwọ̀n oníkílò.

Ìkìlọ̀ kan wà nípa àwọn tí yóò jáde. Àwọn àgbà ni ó sábà máa ń ní ìtara jù nínú iṣẹ́ àánú, àwọn náà sì ni ó ti ń ṣe é láti ọdún pípẹ́, nítorí náà ó máa ń nira láti sọ fún wọn pé kí wọ́n dúró sílé. Ẹ má ṣe yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Kí Fádà fúnra rẹ̀ bá wọn sọ ọ́, kó sì gbé iṣẹ́ fóònù tó wà ní ìpele kejì lé wọn lọ́wọ́, nítorí kò sí ẹni tó mọ bí a ṣe ń kí ènìyàn lórí fóònù bí wọn.

Ìpele 1: Ẹ kọ orúkọ ní àdúgbò sí àdúgbò

Ẹ má fi àwọn ìwé tó wà ní ọ́fíìsì Fádà bẹ̀rẹ̀. Àwọn ìwé náà mọ ẹni tí a ṣe ìwẹ̀ ìsọdọmọ (ìrìbọmi) fún àti ẹni tó gbéyàwó. Wọn kò mọ ẹni tí ebi ń pa. Ẹ pín agbègbè párísì sí àdúgbò kéékèèké, kí ẹ sì wá ẹnì kan tó ń gbé inú àdúgbò kọ̀ọ̀kan láti kọ orúkọ ibẹ̀. Ará Ìkìjà ni kó kọ ti Ìkìjà, kí ará Ìtòkò kọ ti Ìtòkò. Ẹni tó bá ń gbé àdúgbò ló mọ ilé tí wọn kò ti dáná láti àná.

Ní iwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ orúkọ tí àdúgbò fi ń pe onítọ̀hún (ọ̀pọ̀ ìyá wà tí kò sẹ́ni tó mọ̀ wọ́n ju ìyá ọmọ wọn lọ), iye ẹni tó ń jẹun nínú ilé náà, nọ́ńbà fóònù wọn tàbí ti aládùúgbò tó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe àti bóyá ó ti dúró, òògùn tí wọ́n ń lò lójoojúmọ́, àti bóyá wọ́n ń fẹ́ gba Ara Olúwa (búrẹ́dì tí a yà sí mímọ́ ní Mísà) nílé. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ kọ ọ̀nà ilé náà, ibẹ̀ sì ni kí ẹ ti fara balẹ̀ jù. Nọ́ńbà ilé kò wúlò ní ọ̀pọ̀ ibi ní àárín ìlú wa, níbi tí agbo ilé ti fara ti agbo ilé tí òkúta sì dúró sáàárín wọn. Ẹ kọ ọ́ bí ẹsẹ̀ yóò ṣe rìn ín: ẹ gba ẹ̀gbẹ́ mọ́ṣáláṣí wọlé, ẹ gun àtẹ̀gùn òkúta dé òkè, ẹ ya sí ọwọ́ òsì níbi ẹ̀rọ ìlọta, ilé tí ìkòkò aró wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ ni.

Nípa ẹni tí ẹ ó kọ, àṣìṣe mẹ́ta ló wọ́pọ̀. Èkíní ni pé kí ẹ kọ kìkì àwọn tí ẹ máa ń rí ní Mísà ọjọ́ Àìkú, nígbà tó jẹ́ pé àwọn tí ara kò gbé wá síbẹ̀ mọ́ ni wọ́n nílò yín jù.

Èkejì ni pé kí ẹ kọ kìkì àwọn tí a ti mọ̀ sí aláìní. Nígbà tí ọjà bá tì, aláìní tuntun ni yóò pọ̀ jù. Ẹ ronú nípa àwọn ìyá aládìrẹ ní Ìtòkú tó jẹ́ pé ohun tí wọ́n bá tà lónìí ni wọn yóò fi ra oúnjẹ ọ̀la, àwọn ọlọ́kadà, àwọn bírìkìlà, àwọn aránṣọ tí kò sí ayẹyẹ tí ẹnikẹ́ni yóò torí rẹ̀ rán aṣọ, àti àwọn olùkọ́ iléèwé aládàáni tí owó oṣù wọn máa ń dúró lọ́jọ́ tí iléèwé bá ti tì. Olùkọ́ kò ní tọrọ. Yóò wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó ti lọ̀, yóò kí yín tẹ̀ríntẹ̀rín, yóò sì wọlé lọ fi omi tútù sùn. Irú wọn ni kí ẹ wá kàn, ẹnu aládùúgbò wọn sì ni ẹ ó ti gbọ́.

Ẹ̀kẹta ni pé kí ẹ fi ẹ̀sìn pín in. Nínú agbo ilé kan ṣoṣo ní Abẹ́òkúta, ẹ lè bá Àgùdà, Mùsùlùmí àti ará Ìjọ Aládùúrà tí wọ́n jọ ń lo kànga kan. Ní 2020, Àjíǹde bọ́ sí ọjọ́ 12 oṣù kẹrin, ààwẹ̀ Ramadan sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 24 oṣù yẹn kan náà, tó fi jẹ́ pé nígbà tí àwa ń jẹ ọdún nínú ìsémọ́lé, àwọn ará ilé wa ń múra ààwẹ̀ láìmọ ohun tí wọn yóò fi ṣínu. Bí ẹ bá gbé oúnjẹ kọjá ẹnu ọ̀nà ẹnì kan nítorí pé kì í ṣe ọmọ ìjọ, gbogbo agbo ilé ni yóò rí i.

Ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo ni kí ìwé náà wà. Àìsàn ènìyàn àti òṣì ènìyàn wà nínú rẹ̀. Kò gbọdọ̀ dé orí WhatsApp.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ mú orúkọ márùn-ún láti ibi tó bá wù yín nínú ìwé náà, kí ẹ fún ẹni tí kò mọ àdúgbò ọ̀hún. Bí ó bá dé ẹnu ọ̀nà márààrún láìbéèrè ọ̀nà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ìwé yín ti pé. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ tún àlàyé ọ̀nà kọ.

Ìpele 2: Ẹ máa pè wọ́n lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀

Ẹ fún olùpè kọ̀ọ̀kan ní ilé mẹ́wàá, kó má ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó sì jẹ́ pé ẹnì kan náà ni yóò máa pe ilé wọ̀nyẹn láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Nígbà ìpè kẹta ni àwọn ènìyàn tó máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í sọ òótọ́.

Ìbéèrè tí ẹ bá bi wọ́n ló ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ tàbí tó ń tún un ṣe. Bí ẹ bá bi Yorùbá pé ṣé oúnjẹ wà nílé, "a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run" ni ẹ ó gbọ́, bí ìkòkò tilẹ̀ ṣófo. Ẹ kọ́kọ́ kí wọn dáadáa, ẹ béèrè àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà kí ẹ wá béèrè pé: "Mà, kí lẹ sè lánàá? Kí lẹ fẹ́ sè lálẹ́ yìí?" Bí ìdáhùn bá pẹ́ kó tó jáde, ẹ ti gbọ́ ìdáhùn náà. Ẹ béèrè iye òògùn tó kù nínú páálí, kí ẹ má ṣe béèrè bóyá òògùn wà. Kí ẹ sì béèrè bóyá ẹnikẹ́ni nínú ilé ń wúkọ́, tí ara rẹ̀ ń gbóná, tàbí tí kò lè mí délẹ̀.

Àwọn àgbà wa pọ̀ tó jẹ́ pé fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ní. Mísà orí íntánẹ́ẹ̀tì kò lè dé ọ̀dọ̀ wọn, àwọn ọmọ wọn tó sì ní fóònù ńlá kò ní owó dátà tí yóò tó wákàtí kan. Ẹ sọ àkókò tí Mísà wà lórí rédíò fún wọn, kí olùpè ka Ìhìnrere ọjọ́ náà sí wọn létí, kí wọ́n sì jọ gba apá kan nínú Rósárì, ìyẹn "Mo kí ọ Màríà" mẹ́wàá. Kò ní ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, ẹni tó bá sì ń dá gbé yóò máa retí rẹ̀ láti àárọ̀.

Ìpè yìí kan náà ni ẹ ó fi gbógun ti àhesọ. Nígbà Ebola lọ́dún 2014, àwọn ènìyàn fi omi iyọ̀ wẹ̀, wọ́n sì mu ún. Ní 2020, àwọn kan lo kolorokuíínì ní àlòjù títí tí wọ́n fi dèrò ọsibítù. Ẹ má ṣe bú ẹni tó bá gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́. Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ tán, kí ẹ tó sọ ohun tí àwọn dókítà wí.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ní alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí olùpè kọ̀ọ̀kan jábọ̀ fún ẹni tó ni ìwé orúkọ. Ilé tí a pè lẹ́ẹ̀mejì tí kò dáhùn, ẹnì kan gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú.

Ìpele 3: Owó àti dídi oúnjẹ

Ẹni mẹ́ta ni kí ẹ gbé owó lé lọ́wọ́: ẹnì kan á gba owó, ẹnì kan á ra ọjà, ẹnì kan á kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ lẹ ìṣirò náà mọ́ ara pátákó ìkéde ìjọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, iye tó wọlé, iye tó jáde, iye àpò tí a rà. Níbi tí a kò bá ti lẹ ìṣirò, ìfura ni yóò kọ́kọ́ dé, owó yóò sì dáwọ́ dúró kí àrùn tó dáwọ́ dúró.

Ẹ jẹ́ kí ẹrù ilé kan jẹ́ oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan fún ìwọ̀nba ènìyàn tó wà níbẹ̀. Ìrẹsì, gàrí, ẹ̀wà, epo, iyọ̀ àti ọṣẹ ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ẹ fi láfún kún ti àwọn àgbà, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ ìrẹsì jẹ lálẹ́. Àpò ìrẹsì oníkílò 50 yóò di ọ̀rá 25 tí kílò 2 wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹ bá fi òṣùwọ̀n wọ̀n ọ́n. Bí ó bá jẹ́ pé kóńgò ni ẹ fẹ́ lò, ẹ kọ́kọ́ wọn àpò kan tán kí ẹ lè mọ iye kóńgò tó wà nínú rẹ̀, nítorí kóńgò ọjà kan yàtọ̀ sí ti òmíràn, ẹ ò sì ní fẹ́ kí ọ̀rá tán nígbà tí orúkọ ṣì kù.

Ẹ̀wà kò wúlò fún ẹni tí kò ní ohun ìdáná. Èyí ni a kò rò lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ béèrè nígbà ìpè, kí ẹ sì fi èédú tàbí owó kẹrosíìnì kún un. Ẹ má ṣe rọ epo sínú ọ̀rá pọ́ọ̀wọ̀tà, yóò bẹ́ lórí ọ̀kadà yóò sì ba gàrí jẹ́. Inú ike ni kó wà. Ní ti òògùn, ẹ má ṣe ra ohunkóhun láìrí páálí tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ tàbí káàdì ọsibítù wọn, kí ẹ sì rà á lọ́dọ̀ apòògùn tó ní ìwé ẹ̀rí.

Ẹ má ṣe kọ orúkọ ìjọ tàbí orúkọ ẹni tó dáwó sí ara ọ̀rá. Ìyá tó bá gbé e gba àárín àdúgbò kọjá yóò máa gbé òṣì rẹ̀ kiri lójú gbogbo ayé.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ tú ọ̀rá mẹ́ta tí a ti dì, kí ẹ tún wọn ohun tó wà nínú rẹ̀. Iye ọ̀rá gbọ́dọ̀ bá iye orúkọ mu, kí márùn-ún sì ṣẹ́ kù fún ilé tí ẹ kò bá mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ìpele 4: Ẹ gbé e dé ẹnu ọ̀nà

Méjì méjì ni kí ẹ máa jáde, bí ẹgbẹ́ Fínsẹ́ńtì Mímọ́ ti Pọ́ọ̀lù ṣe máa ń ṣe é. Ẹnì kan á gbé ẹrù, èkejì á mú ìwé àti fóònù dání. Ẹ má ṣe kó ọkọ̀ mẹ́rin lọ, ẹ má sì wọ aṣọ ẹgbẹ́.

Ìṣòro tó tóbi jù níbí kì í ṣe ẹrù, ọ̀wọ̀ ni. Ẹ kò lè dé ilé àgbà kí ẹ dúró sí ìta, kí ẹ kọ àga, kí ẹ kọ omi, kí inú rẹ̀ sì dùn. Bí ẹ bá dákẹ́ títí ẹ fi débẹ̀, ẹ ó wọlé, ẹ ó jókòó, ìbòmú yóò sì kúrò lẹ́nu kí ẹ tó mọ̀. Nítorí náà, ẹ bẹ̀ wọ́n láti alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, lórí fóònù: "Mà, a máa dé ọ̀dọ̀ yín láàárọ̀ ọ̀la. Ìta la máa dúró, kì í ṣe pé a kò ka ilé yín sí o, ìlera yín la ń rò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé àga jáde." Nígbà tí ẹ bá débẹ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀ tàbí kí ẹ kúnlẹ̀ níbi tí ẹ bá dúró sí. Mítà 2 kò dí ìdọ̀bálẹ̀ lọ́wọ́.

Bí ẹ ó ṣe ṣe é nìyí. Ẹ fọ ọwọ́ yín pẹ̀lú omi inú kẹ́ẹ̀gì kí ẹ tó gbé ọ̀rá náà sọ̀kalẹ̀. Ẹ gbé e sí orí pèpéle tàbí àga tó mọ́ lẹ́nu ọ̀nà, ẹ sún sẹ́yìn, ẹ kí onílé, ẹ dúró títí yóò fi gbé e. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ wá bá a sọ̀rọ̀, kí ẹ má sì ṣe kánjú. Ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀, bóyá ó wú. Ẹ wo ojú rẹ̀, ẹ gbọ́ bó ṣe ń mí. Ẹ tún ọwọ́ fọ̀ kí ẹ tó lọ sí ilé tó kàn.

Nígbà tí a padà lọ sọ́dọ̀ màmá tí mo sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè, ó jáde wá sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ọ̀pá. Aró ṣì wà nínú ìlà àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó ti tó oṣù méjì tí kò ti rẹ aṣọ. Ó ṣí ọ̀rá náà, ó wò ó, ó yọ iyọ̀ àti ọṣẹ, ó sì pe ọmọkùnrin kékeré kan nílé kejì pé kó wá gbé gàrí fún ìyá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló mú páálí òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan jáde láti inú ìró rẹ̀, ó nà án sí wa láti ọ̀ọ́kán. Ó ṣófo. Ó ní ó ti ń pín ẹyọ kan sí méjì láti ọjọ́ mẹ́sàn-án, àná sì ni ó tán. Oúnjẹ ni a gbé lọ, òògùn ni ikú rẹ̀ ìbá ti wọlé, bí a bá sì kàn gbé ọ̀rá sílẹ̀ kí a yí padà ni, a kì bá tí mọ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ẹ dúró, kí ẹ sọ̀rọ̀.

Fọ́tò yíyà: rárá. Jésù sọ ọ́ nínú Mátíù 6:3 pé kí ọwọ́ òsì má ṣe mọ ohun tí ọwọ́ ọ̀tún ń ṣe, nígbà tí a bá ń ṣe ìtọrẹ àánú. Bí àwọn tó dáwó bá fẹ́ ẹ̀rí, ìṣirò tó wà lára pátákó ni kí ẹ fi hàn wọ́n.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: iye ọ̀rá tó jáde gbọ́dọ̀ bá iye àmì tó wà nínú ìwé mu, pẹ̀lú iye tó padà. Ní alẹ́ ọjọ́ kan náà, kí olùpè, kì í ṣe ẹni tó gbé ẹrù lọ, pe ilé mẹ́ta nínú mẹ́wàá láti béèrè bóyá ó dé ọwọ́ wọn.

Ìpele 5: Ara Olúwa, àmì òróró àti àwọn tí àìsàn dá wó

Fádà ni yóò sọ ẹni tí yóò gbé Ara Olúwa jáde, kìkì àwọn tí a ti yàn fún iṣẹ́ náà ni yóò sì ṣe é. Kí ẹ tó lọ, ẹ pe ilé náà. Bí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ bá ní ibà, ikọ́ tàbí èémí kúkúrú, kí ọmọ ìjọ má ṣe lọ. Kí ẹ fi tó Fádà létí, òun ni yóò pinnu.

Ẹ fọ ọwọ́, ẹ wọ ìbòmú, ẹ tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì kékeré. Ẹ jọ gbàdúrà láti ọ̀ọ́kán. Ìgbà tí ó bá kù díẹ̀ kí aláìsàn gbà á ni kí ẹ tún fi sanitáísà pa ọwọ́, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ gbé e lé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ẹni tí kò bá lè gbé nǹkan mì dáadáa, ẹ fún un ní ègé kékeré pẹ̀lú omi díẹ̀. Àwọn àgbà kan máa ń kọ̀ láti gbà á nítorí pé wọ́n ti jẹ ẹ̀kọ láti fi lo òògùn. Ẹ sọ fún wọn pé Òfin Ìjọ, nọ́ńbà 919, yọ àwọn àgbà, àwọn aláìsàn àti àwọn tó ń tọ́jú wọn kúrò nínú ààwẹ̀ wákàtí kan tó máa ń ṣáájú gbígba Ara Olúwa. Mo ti rí ẹni tí omi bọ́ lójú rẹ̀ nígbà tó gbọ́ èyí, nítorí ó ti ń fi ebi pa ara rẹ̀.

Ní ti àmì òróró tí a ń fi sára aláìsàn, àlùfáà nìkan ló lè ṣe é, ohun tí àwọn ará ilé sì máa ń ṣì ṣe jù ni pé wọn kì í pè é títí aláìsàn kò fi ní lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹ pè é ní kùtùkùtù. Bí ewu àkóràn bá wà, Òfin Ìjọ, nọ́ńbà 1000, gba àlùfáà láyè láti fi ohun èlò kun òróró dípò ọwọ́ rẹ̀; òwú lórí igi kékeré tó, kí ẹ sì sun òwú náà lẹ́yìn rẹ̀.

Ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ kò ṣeé ṣe lórí fóònù. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣèlérí rẹ̀ fún aláìsàn. Bí aláìsàn bá wà ní ibùdó ìyàsọ́tọ̀ tí àlùfáà kò lè dé, ẹ bá a ṣe àdúrà ìrònúpìwàdà látọkànwá pẹ̀lú ìpinnu láti jẹ́wọ́ nígbà tí ààyè bá yọ. Ẹ̀kọ́ Ìjọ fi yé wa pé Ọlọ́run ń dárí jì í. Ní oṣù kẹta 2020, Ilé Iṣẹ́ Ìrònúpìwàdà ní Vatican tún fún àwọn tí àrùn Kòrónà mú, àwọn tó ń tọ́jú wọn àti àwọn tó ń gbàdúrà fún wọn ní ìdáríjì pàtàkì.

Bí èémí bá ń ṣòro fún ẹnikẹ́ni, ẹ má ṣe gbàdúrà tán kí ẹ tó pe ìrànwọ́. 6232 ni nọ́ńbà ọ̀fẹ́ NCDC, àjọ ìjọba tó ń dènà àrùn ní Nàìjíríà. Ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìdí-Àbà, Sacred Heart ti Ìjọ wa sì wà ní Lántòrò. Ẹ pè wọ́n ṣáájú kí ẹ tó gbé aláìsàn dé ẹnu ọ̀nà wọn.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: kí àwo tí a fi gbé Ara Olúwa padà sọ́wọ́ Fádà lọ́jọ́ náà gan-an, kí a sì kọ ọjọ́ tí aláìsàn kọ̀ọ̀kan gbà á sínú ìwé orúkọ.

Ìpele 6: Nígbà tí ilẹ̀kùn ìjọ bá tún ṣí

Ẹ gbọ́n omi mímọ́ inú àwo ẹnu ọ̀nà kúrò, kí ẹ gbé omi àti ọṣẹ síbẹ̀. Ẹ fi jíìkì nu àga, ìlẹ̀kùn àti ibi ìkúnlẹ̀ lẹ́yìn Mísà kọ̀ọ̀kan: bí ara ike bá kọ 5%, ife kan sí ife omi 49 ni, kó wà lára nǹkan fún ìṣẹ́jú 10 kí ẹ tó nù ún. Ẹ po tuntun lójoojúmọ́. Ẹ má ṣe pò ó mọ́ òògùn ìfọ-ilé-ìyàgbẹ́, nítorí gáàsì tó ń jáde lára àdàpọ̀ náà léwu gidi. Ẹ má sì fi kan ife Mísà. Omi gbígbóná àti ọṣẹ ni ti ìyẹn.

Ìkìlọ̀ kan wà tí mi ò gbọdọ̀ gbàgbé. Ọtí inú sanitáísà máa ń gbiná. Ọmọ pẹpẹ tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì tutù fún sanitáísà kò gbọdọ̀ tan àbẹ́là tàbí kó gbé àwo tùràrí. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ náà fi omi àti ọṣẹ fọ ọwọ́ wọn.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ní ọjọ́ Àìkú kẹta lẹ́yìn tí ìjọ ṣí, kí ẹni tó ni ìwé orúkọ dúró sí ẹnu ọ̀nà, kó máa fi àmì sí orúkọ àwọn tó wọlé. Lẹ́yìn Mísà, kí olùpè kọ̀ọ̀kan mú orúkọ tí kò ní àmì nínú ilé mẹ́wàá tirẹ̀, kó sì pè wọ́n kí ilẹ̀ tó ṣú.